Bí Àgbà Sábó Bá Pé Ọgọ́rin Ọdún, Ta Ló Yẹ Kó Jókòó Tì Í?

Sátidé ni ọjọ́ ìnáwó ní Èkó, Sábó ní Yábà ò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn oníkánọ́pì ti ri irin mọ́lẹ̀ ní àwọn òpópónà kéékèèké tó já sí Herbert Macaulay Way, àwọn alásè ti gbé ìkòkò ìrẹsì ka iná igi, àwọn obìnrin sì ti tò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wọn wé gèlè. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ ní ibùdókọ̀ Sábó yóò rí aṣọ kan náà lára èèyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbéyàwó ń gbé wọn jáde, òkú àgbà náà ń gbé wọn jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú aṣọ wọ̀nyẹn, ọjọ́ ìbí ni wọ́n rà á fún: ọjọ́ ìbí ẹni tó pé 70, 75 tàbí 80 ọdún.

Àwọn ọmọ ló sábà máa ń náwó irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tàbí bàbá tó tọ́ wọn, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí fún ìyẹn. Síbẹ̀, bí ọlọ́jọ́ ìbí bá jókòó sórí àga ńlá tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ojú rẹ̀ kì í sí lára kéèkì. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ó ń wò bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé Ìkòròdú rí ọkọ̀ wọ̀, bóyá èyí tí orúnkún ń dùn lè gun àtẹ̀gùn, bóyá ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó gbà láti jáde. Àwọn èèyàn yìí gan-an ni ìnáwó náà wà fún, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí ní Èkó ti ń ṣì í ṣe.

Àwọn tó ń pé 75 sí 80 lákòókò yìí, ìparí ogun Hitler àti ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí wọn. Yábà tí wọ́n dàgbà sí, àdúgbò tí wọ́n fi ètò kọ́ ni. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba òyìnbó rí i pé ilé tó há gádígádí ní Ìsàlẹ̀ Èkó wà lára ohun tó ń ràn án. Ní 1928 wọ́n dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, ilẹ̀ Yábà sì wà lára iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Wọ́n la títì tó gún régé, wọ́n pín ilẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì, àwọn akọ̀wé ìjọba, òṣìṣẹ́ rélùwéè, olùkọ́ àti oníṣòwò sì kó wá síbẹ̀. Ọmọ wọn ni àwọn àgbà òní. Ilé-ìwé tí wọ́n lọ kò jìnnà síra: Igbobi College tí ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932, Queen's College tó bẹ̀rẹ̀ ní 1927, Methodist Girls' High School, àti Yaba College of Technology tó ti wà láti 1947. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ Mẹ́tọ́díìsì inú wọn ń pàdé ní Hoares Memorial ní Sábó. Nígbà tí wọ́n di ọ̀dọ́ ní àwọn ọdún 1960, àwọn tó nígboyà yọ́ lọ sí Kakadu ní Alágomejì, níbi tí Fẹlá àti ẹgbẹ́ Koola Lobitos rẹ̀ ti ń ṣeré kí gbogbo ayé tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń retí lẹ́nu ọ̀nà, irú ibi wọ̀nyí ni wọ́n ti bá ara wọn pàdé. Ó mọ ìgbà tí ọlọ́jọ́ ìbí kò ní bàtà méjì. Ó mọ olùkọ́ tó máa ń nà án, ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí, àti orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì gbọ́ rí.

Ọjọ́ orí pàápàá, ọ̀rẹ́ lẹlẹ́rìí rẹ̀. Ní Èkó, òfin tó ní kí wọ́n máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ti wà láti 1863, ṣùgbọ́n Erékùṣù Èkó àti Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta nìkan ni òfin náà kọ́kọ́ dé. Ẹni tí wọ́n bí sí abúlé nílẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú, tó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Yábà lẹ́yìn náà, lè ní ìwé ìrìbọmi bí òbí rẹ̀ bá jẹ́ onígbàgbọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtàn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀: ọdún tí ọba báyìí gorí oyè, ọdún tí odò báyìí kún, oyún tó wà nínú nígbà tí ogun parí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò bèèrè ìwé kankan. Wọ́n ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní nìyẹn. Bó bá dàgbà tó fẹ́ wọṣẹ́ ìjọba, yóò lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù, ọjọ́ tó bá sọ níbẹ̀ ni yóò sì máa tẹ̀ lé e kiri títí tí yóò fi fẹ̀yìntì ní ẹni 60 ọdún.

Àwọn gbajúmọ̀ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Fatai Rolling Dollar, àgbà onígìtá tí Ebenezer Obey ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kú ní 12 June 2013. Bí àwọn kan ti ń kọ 1926 fún ọdún ìbí rẹ̀ ni àwọn mìíràn ń kọ 1927. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ àríyànjiyàn ní tábìlì àwọn àgbà ní Sábó, "Irọ́ lò ń pa, ìwọ lo ṣíwájú mi wọ Standard Two, ọgọ́rin ti kọjá lára rẹ!", ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á dé òpin. Ibẹ̀ nìkan ni ìwé ìbí tó péye wà.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí. Èkó sì mọ ọ̀nà tó fi ń tú ọmọdé ká. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, kí olú-ìlú lè rẹwà kí òmìnira tó dé, tí wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Onímọ̀ kan tó jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, lọ bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀, àwọn tó ṣì wà ní ilé àtijọ́ àti àwọn tó ti ṣí, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ilé tuntun mọ́ tónítóní, ó sì láyè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ ga, ẹbí àti ojúlùmọ̀ tí wọ́n ti ń fojú kan ara wọn lójoojúmọ́ di ẹni tí ń ríra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣètò ìlú ka ìwé yẹn, nítorí ohun tó sọ nípa Sùúrùlérè ìgbà náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí Yábà lónìí.

Kò sí katakata ìjọba lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni ní Sábó báyìí. Bàbá kú, àwọn ọmọ ta ilé, ẹni tó rà á wó o, ó kọ́ fúláàtì alájà mẹ́rin sí i. Herbert Macaulay Way, tí àwọn àgbà mọ̀ sí títì akọ̀wé àti olùkọ́, ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń rọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ibùdó ìmọ̀-ẹ̀rọ CcHub ti bẹ̀rẹ̀, Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀ ní August 2016. Ìdàgbàsókè ni, ó sì dáa kí ọmọ ẹni ríṣẹ́ ṣe ládùúgbò ẹni. Ohun tó ń bá a rìn ni pé owó ilé gbé owó lérí, àwọn àgbà sì ti gba Ìkòròdú lọ, àwọn kan wà ní Ìbàfò àti Mowé, àwọn kan ní Alágbàdó, àwọn kan sì ń bá ọmọ tọ́ ọmọ ní Peckham tàbí Houston. Gbogbo wọn wà lórí WhatsApp. Wọ́n ń fi àdúrà àárọ̀ ránṣẹ́, wọ́n ń fi fọ́tò ọmọ-ọmọ hàn, wọ́n sì ń fi ìkéde òkú ránṣẹ́, èyí tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ohun tí WhatsApp kò lè ṣe ni kó jẹ́ kí ọ̀rẹ́ méjì di ọwọ́ ara wọn mú.

Ọjọ́ ìbí ló ń ṣe ìyẹn. Kò sí ohun mìíràn tí àgbà lè fi pe ogójì ọ̀rẹ́ jọ sí Sábó lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ẹnì kan kú. Nǹkan tuntun kan sì ti ń rọ ìrìn náà lọ́rùn díẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ láti apá Agége. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tí Ààrẹ Tinubu ṣí ní 29 February 2024, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní October ọdún náà. Agbádò ló ti ń gbéra, ó ń gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin àti Yábà kó tó dé Ọ̀yìngbò. Ẹni ọdún 78 tó ń gbé Ìjú lè wọ agbádá rẹ̀ kó jókòó jẹ́jẹ́ títí dé Yábà, kó má bá sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìkòròdú Road pàdé, Sábó ò sì jìnnà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n pọ̀ ní Yábà, Múṣin àti Sùúrùlérè, ti ta ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ọba Sikiru Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí tó fi wàjà ní 13 July 2025, ló jí ètò règbèrègbè dìde. Àwọn tí ọdún díẹ̀ péré wà láàárín ìbí wọn wọ ẹgbẹ́ kan náà, ẹgbẹ́ gba orúkọ bíi Bọ́bagbìmọ̀ tàbí Gbọ́baníyì, wọ́n sì jọ ń yọ̀ṣọ́ jáde ní Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá. Èrè tó wà níbẹ̀ ju ẹwà lọ. Ẹni tó wà nínú règbèrègbè kò lè pé 70 kó dá nìkan wà, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ ló ń sún mọ́ 70 lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n mọ ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lè dá owó jọ kí ó má bàa tì. Ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún àwọn tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Àwọn ọmọ Igbobi College àti àwọn ọmọbìnrin Queen's College kì í fi orúkọ ọdún tí wọ́n wọlé ṣeré: ẹni tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì ní 1958 ṣì ń jẹ́ "ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa" bó tilẹ̀ ti di ìyá-ìyá.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù, ó sì gba ká sọ ọ́ láìfi bò.

Aṣọ ẹbí dára. Ó ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ ara wọn nínú èrò, ó sì ń mú inú ọlọ́jọ́ ìbí dùn láti rí àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú àwọ̀ kan. Àwọn obìnrin tó ti pé 75 mọ léèsì ju ẹni tó ń tà á lọ. Wọn yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ pọ́n ọn díẹ̀, wọn yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà wo okùn tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ọnà sí i, wọn yóò sì sọ fún ọ bóyá Austria ló ti wá tàbí ibòmíràn. Ìmọ̀ yẹn ní gbòǹgbò: láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣẹ́ léèsì ìlú Lustenau, ní ìpínlẹ̀ Vorarlberg ní Austria, ti ń ṣe aṣọ tí wọ́n dìídì yà fún ọjà Nàìjíríà. Òwò náà lágbára débi pé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna pàtẹ rẹ̀ fún aráyé wò ní 2010, tí ìpàtẹ náà sì dé National Museum ní Oníkan ní 2011. Àwọn ìyá wa ló sọ aṣọ yẹn di nǹkan.

Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì kò tó owó léèsì mọ́. Bí ẹni mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ bá pé 75 lọ́dún kan, tí olúkúlùkù yan aṣọ tirẹ̀, ọ̀rẹ́ tí kò rí owó rẹ̀ san yóò ní ara òun kò yá. Yóò jókòó sílé. Ọlọ́jọ́ ìbí á máa wo ẹnu ọ̀nà lásán nítorí aṣọ gígùn yáàdì márùn-ún. Àwọn ẹgbẹ́ tó gbọ́n ti ń yan àwọ̀ dípò aṣọ: ẹ wọ ohunkóhun tí ẹ ní tó bá jẹ́ àwọ̀ osùn, kí ọkùnrin dé fìlà àwọ̀ aró. Gbogbo àpótí àgbà Èkó ló ní aṣọ òkè osùn nínú, aṣọ ìgbéyàwó ẹnì kan tàbí òkú ẹnì kan ní 1983. Kí wọ́n kó o síta kó gba oòrùn. Èyí tó bá ṣá díẹ̀, ìtàn wà lára rẹ̀ tí ọ̀rẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Owó níná lójú agbo náà ti yí padà. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, ní abala 21, ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fọ́n náírà ká níbi ayẹyẹ, láti jó lé e lórí tàbí láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ìtanràn tí kò dín ní N50,000, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èèyàn fi fojú di òfin náà, àfìgbà tí kóòtù kan ní Èkó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní April 2024. Láti ìgbà yẹn ni àpòòwé ti pọ̀ sí i, tí ẹnì kan sì máa ń dúró ti ọlọ́jọ́ ìbí pẹ̀lú àpò. Ọ̀pọ̀ àwọn onílù kò fẹ́ràn rẹ̀. Fún àgbàlagbà, oore ni. Nígbà tí owó ń fò, èèyàn tí ń gbé e kiri ló máa ń rọ́ bo ọlọ́jọ́ ìbí tí ọ̀rẹ́ kò fi ní ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Báyìí, ọ̀rẹ́ lè wá, kí wọ́n fi ọwọ́ kan ọwọ́, kí wọ́n rọra jó ijó tí eegun wọn gbà.

Ẹ wo tábìlì wọn fúnra rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbé mọ́ínmọ́ín eléwé dé, ẹnì kan tí ìka rẹ̀ ń gbọ̀n yóò tì í sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ebi kò pa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan. Yóò fa abọ́ náà sún mọ́ra, yóò tú ewé náà ní ìpele-ìpele, yóò yọ eegun ẹja inú rẹ̀, yóò sì tì í padà. Kò sí ọmọ tó lè ṣe irú rẹ̀ kí ojú má ti bàbá. Onígángan tó mọṣẹ́ rẹ̀ náà mọ irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Kò ní kan ìlù mọ́ wọn létí. Yóò dúró lókèèrè díẹ̀, yóò fi ìlù béèrè orúkọ ìdílé, yóò wo ẹni tó gbé orí sókè, oríkì ẹni náà ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni omijé ti máa ń yọ, kì í sì í ṣe omijé ìbànújẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tan sípíkà.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ayẹyẹ jẹ́ fún àwọn àgbà nìyí, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ gbangba. Etí ẹni 80 ọdún kì í gba ọ̀rọ̀ nínú ariwo. Bí sípíkà ńlá méjì bá kọjú sí tábìlì rẹ̀, yóò kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò máa mi orí sí ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Ó ti rìn láti Mowé wá jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀. Àṣà kí ìwé ìpè sọ aago mọ́kànlá, kí oúnjẹ dé ní aago mẹ́ta, náà kò bá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ mu, ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹun lásìkò tó ti lo oògùn rẹ̀. Gbọ̀ngàn tó wà lórí àjà kẹta tí kò sí lífítì, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ lábẹ́ kánọ́pì ní ojúlé tí bàbá ti gbé ogójì ọdún sàn jù ú lọ, pẹ̀lú ilé ìtọ̀ tó wà nítòsí, iyán àti ẹ̀fọ́ tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, àti olórin kan ṣoṣo tó mọ orin ìgbà tiwọn.

Orin ìgbà tiwọn ṣe pàtàkì. Victor Olaiya, tí wọ́n bí ní 31 December 1930, ní Stadium Hotel tirẹ̀ ní Sùúrùlérè, ó sì ṣì ń fọn fèrè rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi àga sílẹ̀. Ní 2013, ní ẹni 82 ọdún, òun àti 2Baba tó lè bí lọ́mọ jọ tún ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ àtijọ́ ṣe. Ó pé 89 kó tó kú ní February 2020. Ìtàn Fatai Rolling Dollar tiẹ̀ wọni lára jù. Ayé ti gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà dé ní àwọn ọdún 2000, nígbà tó ti lé ní 70. Kunle Tejuoso ti ilé ìtàwé Jazzhole kó òun àti àwọn àgbà olórin mìíràn jọ sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Faaji Agba, Remi Vaughan-Richards tó ń ṣe sinimá sì fi ọdún púpọ̀ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú kámẹ́rà. Sinimá náà jáde ní 2015, lẹ́yìn tí Fatai ti lọ. Ohun tó hàn nínú ìtàn àwọn ọkùnrin yẹn ni pé ọwọ́ àgbà kì í gbàgbé gìtá. Ọ̀rẹ́ tí yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọn yóò jọ ta á ló máa ń wọ́n.

Àwọn onímọ̀ ìlera ti ka ohun tí ojú àgbà ti mọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan láàárín 2003 sí 2004 lórí àgbàlagbà 2,152 tó ti pé 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n wo àwọn tí ọjọ́ ogbó wọn sàn, rírí ọ̀rẹ́ àti kíkópa nínú nǹkan àdúgbò wà lára ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 148 jọ ní 2010, èyí tó kan èèyàn tó ju 300,000 lọ. Wọ́n rí i pé àǹfààní àtiwà láàyè àwọn tó ní èèyàn gidi lẹ́yìn fi ìdá 50 nínú 100 ju ti àwọn tó dá wà. Ní June 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni ìdánìkanwà ń bá fínra. Àgbà tó bá ní òun ò ní lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo ọmọ ni yóò pariwo lé e lórí. Ó yẹ kí wọ́n pariwo bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti pé oṣù mẹ́fà tí kò rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan.

Owó sì wà. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ná lórí òkú. Ẹbí tó ní ọwọ́ òun kò tó ayẹyẹ 75 bàbá yóò wá owó òkú rẹ̀ jáde láàárín oṣù kan, wọn yóò pa màlúù, wọn yóò gba gbọ̀ngàn, ọ̀rẹ́ bàbá tí kò rí ọkọ̀ wá sí ọjọ́ ìbí yóò sì gba gbohùngbohùn sọ ọ̀rọ̀ dídùn tí bàbá kò ní gbọ́. Ìyáàfin H.I.D. Awólọ́wọ̀ ni Yorùbá kò gbọ́dọ̀ gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí. 25 November 1915 ni wọ́n bí i. Ètò ayẹyẹ 100 ọdún rẹ̀ ti ń lọ ní pẹrẹu ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tó sùn ní 19 September 2015, tí ó ku nǹkan bí oṣù méjì. Ọjọ́ tó yẹ kó pé ọgọ́rùn-ún gan-an, 25 November, ni wọ́n sin ín. Ó jẹ gbogbo ọdún rẹ̀ lọ́lá, àwọn tó ń ṣètò fún un kò sì jáfara rárá. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wà fún àwọn tó ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká dúró dìgbà tí Màmá bá pé 80", nígbà tí Màmá wà ní 77, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ṣì lè rìn. Kò sí òfin tó ní 77 kò ṣeé ṣe ní àjọ̀dún.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ tó bá ń ṣètò, kó kọ́kọ́ gba ìwé àti bírò, kó jókòó ti ọlọ́jọ́ ìbí, kó ní, "Màmá, ẹ ka orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ yín fún mi," kó tó béèrè àwọ̀ aṣọ tàbí iye àga. Orúkọ mìíràn yóò jáde tí kò sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni, a ó sì ní láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ, lọ́wọ́ mọ́ṣáláṣí tàbí lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n fi mọ́tò kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbé àgbà wá kó sì máa gbé wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí wọ́n fi wákàtí kan sílẹ̀ tí orin kò ní sí, tí kò sí ẹni tí yóò gba gbohùngbohùn. Ọ̀rẹ́ tó wà nílé tí kò lè dìde mọ́, kí wọ́n má fi ẹ̀bùn ìrántí ránṣẹ́ sí i lásán. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìdúpẹ́, kí wọ́n di ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, kí wọ́n gbé ọlọ́jọ́ ìbí fúnra rẹ̀ sínú mọ́tò, kí wọ́n wà á lọ sí Ìkòròdú, kí wọ́n sì padà wá mú un ní ìrọ̀lẹ́.